Ọ̀pẹ Òyìnbó Inú Ọgbà Agnes Block

Àwòrán kan wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Amsterdam ní Netherlands, iṣẹ́ ọwọ́ Jan Weenix. Ọkọ, aya àti ọmọdé méjì ló wà níbẹ̀, tí ọgbà ńlá tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá wò ó lérèfé á ní ọgbà Sybrand de Flines ni, ọlọ́jà sílíìkì tó lówó lọ́wọ́. Mi ò gbà. Agnes Block, aya rẹ̀, ló ni ín. Ọdún 1670 ló ra ilẹ̀ náà létí odò Vecht, nígbà tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Hans de Wolff, kú. Ọdún 1674 ni Sybrand tó fẹ́ ẹ. Vijverhof ló sọ ibẹ̀: vijver ni adágún, hof ni àgbàlá. Àgbàlá Adágún nìyẹn lédè tiwa.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà dáadáa. Ọ̀pẹ òyìnbó ló wà níbẹ̀! Ìtàn tó gbilẹ̀ jù ni pé ọgbà Agnes ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ so ní Netherlands, ní nǹkan bí ọdún 1687. Àwọn kan máa ń dárúkọ Pieter de la Court ará Leiden dípò rẹ̀. Iṣẹ́ tiẹ̀ náà dára, àmọ́ Agnes ni wọ́n rọ àmì-ẹ̀yẹ fún ní 1700, tí wọ́n ya ọ̀pẹ òyìnbó sí i, tí wọ́n sì fi èdè Látìnì kọ ọ́ pé ọgbọ́n àti làálàá ń mú ohun tí ìṣẹ̀dá kọ̀ jáde.

Làálàá ta ni? Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Ọ̀pẹ òyìnbó kì í ṣe ti òyìnbó rárá. Àwọn onílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ni ín, ọ̀rọ̀ tiwọn, nanas, ni àwọn ará Yúróòpù sọ di ananas. Ó jọ pé torí pé ọkọ̀ òkun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba wa ṣe fi òyìnbó kún orúkọ rẹ̀. Ní 1667, Suriname, ilẹ̀ kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, bọ́ sọ́wọ́ àwọn Dutch, èmi sì gbà pé ibẹ̀ ni ti Agnes ti wá. Ẹni tó bá ti gbin ọ̀pẹ òyìnbó rí mọ̀ pé kì í ṣe kóró là ń gbìn. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí adé orí rẹ̀ ni à ń gé. Ẹnìkan ní láti mọ ọmọ tó gbó tó láti gé, kó dì í, kí omi iyọ̀ má bà á jẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Ọwọ́ ta ló mọ irú iṣẹ́ yẹn ní Suriname bí kò ṣe ti àwọn onílẹ̀, àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké? Maria Sibylla Merian, ayàwòrán tó ti ya òdòdó fún Agnes, lọ síbẹ̀ ní 1699. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí ló ń bá òun wá ewéko àti kòkòrò, ọ̀pẹ òyìnbó ló sì fi ṣáájú nínú ìwé tó gbé jáde ní 1705.

West India Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Dutch, ló ń kó ẹrú wọ̀nyẹn. Ó ti gba Elmina, ní Gánà òde òní, lọ́wọ́ àwọn Potogí láti 1637, ó sì ń rajà ní Allada, ní Bẹ̀nẹ̀ òde òní, pẹ̀lú. Ní 1668, òǹkọ̀wé Dutch kan, Olfert Dapper, kọ ọ́ ní Amsterdam pé ìjọba kan tó ń jẹ́ Ulkami ń fi ọ̀pọ̀ ẹrú ránṣẹ́ sí Allada, tí àwọn Dutch àti Potogí ń rà wọ́n. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé Ulkami yìí ni Lukumí, orúkọ tí àwọn ẹ̀yà wa ń jẹ́ ní Kúbà títí di òní. Nítorí náà, kò sí bí mo ṣe lè wo èso yẹn kí n má rántí Allada.

Agnes kú ní 1704 láìbímọ; kì í ṣe òun ló bí àwọn ọmọdé inú àwòrán náà. Ọdún 1814 ni àwọn Dutch fòfin de òwò ẹrú, àmọ́ ọdún 1863 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní Suriname. Ní 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Amsterdam pa orúkọ “Sáà Wúrà” tì fún ọ̀rúndún tí wọ́n ya àwòrán yìí, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje 2023, Willem-Alexander, ọba Netherlands, tọrọ àforíjì ní gbangba lórí oko ẹrú.