Pẹ́dà Speed King: Bí Ẹsẹ̀ Ṣe Gba Ìlù Ńlá Lọ́wọ́ Ọwọ́

Kí n tó nu eruku kankan kúrò lára pẹ́dà ìlù àtijọ́, irin tí onílù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti lu ìlù ńlá, ohun tí wọ́n kọ sójú irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń kà. Bí mo bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí, WFL, pẹ̀lú Speed King, ara mi á yá gágá. Orúkọ èèyàn ni WFL, ìdí tí kò sì fi lè kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ gbangba wà nínú ìtàn pẹ́dà fúnra rẹ̀.

Kí pẹ́dà tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ìlù ńlá. Lójú pópó, kò sí wàhálà: ẹnì kan gbé ìlù ńlá kọ́rùn, ẹnì kan ń lu kékeré, aro wà lọ́wọ́ ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n inú tíátà há, àwọn tó ni tíátà kò sì fẹ́ sanwó fún onílù mẹ́ta. Onílù kan ṣoṣo á gbé ìlù kékeré lé àga, á gbé ìlù ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀pá kan náà tó fi gbá ìlù ńlá ni yóò sáré gbé padà sórí kékeré. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n sí i. Ní New Orleans, láàárín àwọn ọdún 1890, aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Dee Dee Chandler fi igi ṣe ohun tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

William F. Ludwig ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Jámánì ni wọ́n ti bí i, Chicago ló gbé dàgbà. Ní 1908, ó ń lu ìlù nínú eré kan ní Auditorium Theatre, orin náà yá ju ohun tí pẹ́dà ìgbà yẹn lè bá lọ. Ó fi igi gbẹ́ tirẹ̀, èyí tó kéré, tó sì ń tètè padà sẹ́yìn. Àna rẹ̀, Robert Danly, tó jẹ́ ẹnjiníà, bá a sọ ọ́ di onírin. Ní 1909, òun àti Theobald àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Ludwig & Ludwig sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ti di ọwọ́ kẹta fún onílù. Ẹ gbọ́ bí Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, ṣe ń lù lẹ́yìn Fẹlá: ẹsẹ̀ ń sọ tirẹ̀ lórí ìlù ńlá, ọwọ́ ń sọ tiwọn, bí ìyáàlù àti omele ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọn kò sì ní já ara wọn. Èèyàn kan ló jókòó síbẹ̀ o.

Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 pa Theobald. Àrùn yẹn kan náà ló mú àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, lára irú ìkórajọ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti jáde. Mi ò lè rántí ikú ọkùnrin yìí kí n má rántí àwọn onílù wa tó ń tẹ pẹ́dà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tó yá, sinimá aláìfọhùn tí àwọn onílù ń lùlù sí ní tíátà bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn fúnra rẹ̀, àwọn tíátà sì lé àwọn onílù lọ. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929. Ilé iṣẹ́ Conn, tó ń ṣe ohun èlò orin, ra Ludwig & Ludwig, orúkọ sì bá a lọ. Nígbà tí William tún dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago ní 1937, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ lórí ìlù. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló lò: WFL. Ọdún yẹn náà ni Speed King jáde. Ó di 1955 kó tó ra orúkọ Ludwig padà.

Ọgbọ́n Speed King wà nínú òpó irin méjèèjì tó gbé e dúró. Ihò ló wà nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n fi sípírìǹgì pamọ́ sí, ojú kò rí i. Ibẹ̀ náà ni àìsàn rẹ̀ máa ń wà. Bí gíríìsì bá gbẹ, pẹ́dà á bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìdí nìyẹn tí àwọn onílù Amẹ́ríkà fi ń pè é ní Squeak King, ọba tó ń han, dípò Speed King, ọba eré.

Inú yàrá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ti yọ èyí tí mo tún ṣe gbẹ̀yìn. Mo dojú rẹ̀ dé, mo rọra tú síkúrù abẹ́ òpó òsì, nítorí sípírìǹgì tí ìdí rẹ̀ ṣí lójijì lè ta sí èèyàn lójú. Gíríìsì inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti le bí ọ̀dà. Mo rẹ ohun gbogbo sínú karosíìnì di ọjọ́ kejì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ bíárìn tó wà lókè. Nígbà tí mo tú òpó ọ̀tún, mo rí i pé sípírìǹgì ibẹ̀ kúrú ju èkejì lọ. Ẹnì kan ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tipẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa wúwo lápá kan nìyẹn. Mo wá èyí tó bá ti òsì dọ́gba, mo fi gíríìsì tuntun sí i, mo fi ìka kan ti kọ̀ǹgọ́ onírun rẹ̀, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ láìhan.

Ẹni tó fẹ́ rà á ní kí n kùn ún kó máa dán. Mo kọ̀. Ọ̀dà tuntun á bo lẹ́tà mẹ́ta yẹn, bí wọ́n bá sì ti bò, irin lásán ni mo ń tà fún un. Mo sọ fún un pé sípírìǹgì ọ̀tún kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, mo yọ díẹ̀ kúrò nínú owó nítorí rẹ̀, mo sì di kúkúrú tí mo yọ sínú ọ̀rá, mo fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú pẹ́dà.