Etí Omi Ni Ẹja Wà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pẹja Nínú Dáàmù Èkìtì

Òkè ni Èkìtì ní, kò ní ọ̀sà. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi ńlá tí wọ́n ti ń pẹja níbẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló dá a. Wọ́n mọ odi dí odò níbi tí ilẹ̀ gíga ti há a láàrin, omi sì gbòòrò sẹ́yìn odi náà. Bí dáàmù Ureje ní Adó-Èkìtì ṣe rí nìyẹn, àti ti Ero ní Ikun-Èkìtì, àti ti Egbe àti Itapaji. Omi mímu ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ wọn. Ẹja tó ti wà nínú odò tẹ́lẹ̀ kàn rí ilé ńlá kó sí ni.

Ilé náà tóbi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo yàrá rẹ̀ ni ẹja ń gbé. Nígbà tí oòrùn bá ń pa orí omi, òkè á gbóná, ìsàlẹ̀ á tutù. Omi gbígbóná fúyẹ́, ó dúró sókè. Omi tútù wúwo, ó jókòó sílẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í fẹ́ dàpọ̀. Atẹ́gùn tí ẹja ń mí á wá dínkù gan-an nísàlẹ̀ níbi tó jìn. Etí omi ló ní oúnjẹ: koríko, kòkòrò, ewé tó ti rà. Àlejò tó bá rí ọkọ̀ apẹja lẹ́bàá koríko lè rò pé ẹ̀rù ọ̀gbun ló ń bà á. Ẹja ló ń bá lọ.

Etí yìí kì í dúró lójú kan, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Lẹ́ẹ̀rùn, omi á fà sẹ́yìn, koríko á hù sórí ilẹ̀ tó fi sílẹ̀. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ohun tó rọ̀ sórí òkè á ṣàn wálẹ̀, omi á gun koríko náà padà. Ọjọ́ yìí ni àrọ̀ ti ń retí. Lóru, wọ́n á wọ ibi tí omi kò ju orúnkún èèyàn lọ, wọ́n á yé ẹyin mọ́ ara koríko. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin náà lè pa láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ẹni tó bá dẹ ìgèrè sójú ọ̀nà wọn lálẹ́ ọjọ́ náà á kó ẹja títí á fi rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹja tó lóyún ló ń kó. Abo àrọ̀ ńlá kan lè gbé ẹyin tó ju 10,000 lọ síkùn, nítorí náà ìgèrè alẹ́ ọjọ́ kan lè jẹ ẹja ọdún tó ń bọ̀.

Epìyà kì í dúró de àgbàrá ní tirẹ̀. Akọ á fi ẹnu gbẹ́ ihò róbótó, bí àwo ìjẹun, sílẹ̀ níbi tí omi kò jìn. Tí omi bá mọ́, èèyàn lè dúró ní bèbè kó máa ka àwọn ihò náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀rọ ń fa omi dáàmù lọ fún àwọn ará ìlú, òjò kò sì sí láti fi dí i. Bí omi bá sáré fà sẹ́yìn, àwo wọ̀nyẹn á wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Irú epìyà tó ń fi ẹyin sílẹ̀ nínú ihò ni èyí máa ń pa lára jù. Irú mìíràn wà tí abo rẹ̀ ń kó ẹyin sẹ́nu, tó ń gbé e kiri láìjẹun títí á fi pa. Bí omi bá lọ, ìyá á gbé ọmọ tẹ̀ lé e.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ta àwọ̀n. Ohun tó ń léfòó ni wọ́n so mọ́ okùn òkè: sílípáàsì tó gbó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tàbí ike omi tó ṣófo. Òjé tàbí òkúta ló wà lára okùn ìsàlẹ̀. Àwọ̀n á wá dúró nínú omi bí ọgbà. Kì í lé ẹja o, ẹja ló ń bá a níbẹ̀. Orí á wọ ojú àwọ̀n, ikùn kò ní gbà, bó bá sì fẹ́ padà sẹ́yìn, okùn á kọ́ ọ lábẹ́ ibi tó fi ń mí. Ojú àwọ̀n ló ń pinnu ẹni tó máa kú: ojú tóóró ń kó ọmọdé, ojú gbàgàdà ń jẹ́ kí ọmọdé kọjá. Òṣùpá kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí ẹja á rí okùn. Omi pupa ìgbà òjò dára díẹ̀, àfi tí pàǹtí bá bo àwọ̀n, tàbí tí igi tí dáàmù bò mọ́lẹ̀ bá fà á ya.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n ti ń fà á. Bó bá pẹ́ jù, ẹja á rà. Ẹni tó ń yọ epìyà máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti orí lọ sí ìrù, kí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ lè dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ra á láti ìrù lọ sí orí, kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Fún àrọ̀, ìwọ̀ ni: okùn gígùn kan tó ní ọ̀pọ̀ ìwọ̀ lára, tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ etí omi. Ekòló ni ìdẹ tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn apẹja mìíràn ń lo ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n gé, àrọ̀ sì ń gbé e mì.

Májèlé ni èyí tó burú jù. Gamalin, oògùn kòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń fín sóko tẹ́lẹ̀, làwọn kan ń dà sómi kí ẹja lè léfòó. Òfin ìpẹja inú omi ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1992 kò gba májèlé tàbí àdó olóró. Yàtọ̀ sí òfin, omi tí wọ́n da májèlé sí yìí kan náà ni ẹ̀rọ ń fà lọ sí ẹnu ẹ̀rọ inú ilé.

Epìyà ń lọ sọ́jà ní tútù, torí kì í pẹ́ bàjẹ́. Àrọ̀ ní sùúrù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí atẹ́gùn òkè omi, ó lè wà láàyè nínú báfù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tí kò bá tà ni àwọn ẹlẹ́ja ń yan. Wọ́n á fi iyọ̀ fọ ara rẹ̀ tó ń yọ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún ìrù pọ̀ mọ́ orí, wọ́n á tò ó sórí nẹ́ẹ̀tì irin. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀, èéfín ni wọ́n ń wá. Wọ́n á máa yí i padà láti àárọ̀ títí di alẹ́, títí ara rẹ̀ á fi dúdú tó sì le, tí ìka bá kàn án, á dún kó-kó bí igi.