Gbèsè Orí Ilé Ju Iye Ilé Lọ ní Amẹ́ríkà: Ọ̀nà Wo Ló Kù?

Gbèsè báńkì tó wà lórí ilé wa ní Texas ṣì ku 300,000 dọ́là, ilé náà ò sì lè tà ju 260,000 lọ báyìí. Ṣé báńkì máa gba ilé náà lọ́wọ́ wa ni?

Rárá o. Owó oṣooṣù tí ẹ fọwọ́ sí ni báńkì ń retí. Bí ẹ bá ń san án déédéé, iye tí ilé ń tà lọ́jà kò ní kí wọ́n lé yín jáde. Nígbà tí ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àìmọye èèyàn ní Las Vegas àti Florida ni gbèsè wọn ju ilé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ tí apá wọn ká owó oṣù dúró, wọ́n ń san án lọ, ilé sì tún gbówó lórí nígbà tó yá. Bí iṣẹ́ bá ṣì wà, tí nǹkan kan ò sì lé yín kúrò níbẹ̀, ohun tí màá kọ́kọ́ gbà yín níyànjú nìyẹn.

Ṣé a lè fi ẹ̀yáwó tuntun tí èlé rẹ̀ kéré rọ́pò ti àtijọ́?

Ó ṣòro, nítorí báńkì kì í sábà yáni lówó tó ju ilé lọ. Bí ẹ̀yáwó yín bá jẹ́ ti FHA (èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe onídùúró fún) tàbí ti VA (ti àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun), ẹ béèrè irú ẹ̀yáwó arọ́pò tí wọn kì í sábà díye lé ilé kí wọ́n tó ṣe. Ètò HARP tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2009 láti bá irú yín rọ́pò ẹ̀yáwó ti parí ní òpin 2018. Ẹni tó bá ní òun á fi yín sí i lónìí, irọ́ ló ń pa.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa ńkọ́?

Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jẹ wọ́n lóṣù kan pàápàá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní, lápapọ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò àtigba ilé tà, ìyẹn foreclosure, àyàfi tí gbèsè bá ti lé ní 120 ọjọ́. Àkókò yẹn ni àǹfààní yín, ìtìjú ló sì ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa fi í ṣòfò. Lẹ́tà á kó jọ sórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò ní já a. Ìyàwó ò ní mọ̀, ará ṣọ́ọ̀ṣì ò ní gbọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ já lẹ́tà yẹn. Ẹ ní kí wọ́n tún àdéhùn ṣe: wọ́n lè fa ọdún rẹ̀ gùn, wọ́n lè dín èlé kù, wọ́n sì lè gbé èyí tí ẹ jẹ sẹ́yìn lọ sí ìparí.

Àwọn olùdámọ̀ràn tí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, fọwọ́ sí máa ń bá èèyàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ní kí ẹ sanwó ná kí òun tó gbà yín sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi ìwé ilé sórúkọ òun, ẹ sá fún un.

A fẹ́ kó kúrò pátápátá.

Ẹ bẹ báńkì fún short sale: wọ́n á gbà kí ẹ tà á ní 260,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó gbèsè. Àbí kí ẹ fi ìwé ilé lé wọn lọ́wọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n ti dárí 40,000 tó kù jì yín. Ní California, òfin ò jẹ́ kí wọ́n lépa yín fún un lẹ́yìn short sale ilé gbígbé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní Texas, níbi tí wọ́n ti ń lu ilé ní gbàǹjo ní Tuesday àkọ́kọ́ nínú oṣù, báńkì ní ọdún 2 láti pè yín lẹ́jọ́ fún ìyókù lẹ́yìn gbàǹjo. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní kí adájọ́ fi iye tí ilé tó gan-an ṣírò rẹ̀, dípò owó gbàǹjo.

IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, náà lè ka gbèsè tí wọ́n dárí jì yín sí owó tó wọlé fún yín. Bí gbogbo gbèsè yín lápapọ̀ bá ju gbogbo ohun ìní yín lọ nígbà náà, fọ́ọ̀mù 982 ni ẹ ó fi ṣàlàyé fún wọn.

Ìgbà wo la tún lè ra òmíràn?

Fannie Mae, ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀yáwó ilé lọ́wọ́ àwọn báńkì, ní kí ẹ dúró fún ọdún 7 lẹ́yìn foreclosure, àmọ́ ọdún 4 ni lẹ́yìn short sale. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ sí kí ẹnikẹ́ni ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó sá lọ.