Kí Ẹ Tó Padà Gun Ẹṣin, Ẹ Jẹ́ Kó Mọ̀ Yín Ná

Bí Iléyá bá ti ku bí oṣù mẹ́ta, ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù mi. Kì í ṣe ọmọdé ló ń pè. Nọ́ọ̀sì ni, oníṣirò owó ni, agbẹjọ́rò ni, ẹni tó ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ogún ọdún ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń gun ẹṣin dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré o. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ bá àwọn ará ilé wa jáde ní Ojúde Ọba."

Ìdílé Balógun ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, ìdílé bíi ti Balógun Kúkù á gun ẹṣin wọ ojúde ààfin Awùjalẹ̀, tìlù tìbọn, bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe. Ẹni tí wọ́n ti gbé sórí ẹṣin rí lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tó wá di ẹni tó ń wo ọdún náà lórí fóònù lókè òkun, mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ọkàn rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin náà rí.

Iṣẹ́ tèmi ni láti dá wọn padà síbẹ̀ láìfarapa, kí ẹṣin náà má sì fara pa. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń sọ fún wọn kì í dùn mọ́ wọn: ọ̀sẹ̀ méjì ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní gun ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti arábìnrin kan tó wá bá mi nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 46. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó gun ẹṣin kẹ́yìn. Ó dé pẹ̀lú bàtà tuntun, ó lọ tààrà síbi tí a so ẹṣin mọ́, ó na ọwọ́ sí i níwájú orí. Ẹṣin gbé orí sókè, ó sì yí ìdí sí i. Obìnrin náà bojú wò mí, omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n, kò fẹ́ràn mi." Mo ní, "Kò tíì mọ̀ ẹ́ ni, àbúrò mi."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, kò sí níwájú bíi tiwa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán láìyí ọrùn, nǹkan bí ìwọ̀n 350 nínú 360. Ibi méjì ni kò rí: ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀, àti ọ̀gangan ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ bá nà tààrà sí i níwájú orí á pòórá mọ́ ọn lójú kó tó kàn án. Ta ni yóò fẹ́ irú ìyẹn lọ́wọ́ àjèjì? Ọ̀dọ̀ èjìká ni ká gbà bá a, níbi tó ti ń rí wa, ká máa sọ̀rọ̀ bọ̀, ká sì dúró kó gbóòórùn ọwọ́ wa ná ká tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀pọ̀ ló ń kó ṣúgà àti kárọ́ọ̀tì wá. N kò kọ̀ ọ́ pátápátá, àmọ́ ẹṣin tí a bá fi oúnjẹ fà mọ́ra, àpò wa ló ń wá, kì í ṣe àwa. Kì í sì í pẹ́ tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ bí a ṣe ń gé ènìyàn jẹ. Ẹ lọ wo ẹṣin méjì tó mọwọ́ ara wọn nínú pápá. Wọn á kọjú síra, ọ̀kan á máa fi eyín họ ìdí ọrùn fún èkejì, níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí lókè èjìká. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi ìka yín họ fún un. Àwọn onímọ̀ ti wọn bí ọkàn ẹṣin ṣe ń lù nígbà tí wọ́n ń họ ibẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń rọlẹ̀. Ọkàn ẹṣin tó wà nínú ìsinmi ń lù bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọ̀pọ̀ nínú wa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ń gbádùn rẹ̀, ètè òkè á gùn síwájú, á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni arábìnrin yẹn fi gbo ara ẹṣin náà ní búrọ́ọ̀ṣì, tó ń yọ ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò ní pátákò rẹ̀, tó ń gbé omi fún un, tó sì ń fi okùn fà á rìn kiri ọgbà. Màlámù tó ń tọ́jú ẹṣin lọ́dọ̀ wa ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin: dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, kọjú sẹ́yìn, fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀ kó mọ̀ pé o ń bọ̀, má kàn gbá a mú. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin náà ṣì wà ní ẹnu géètì nígbà tí ẹṣin yán láti inú ilé. Ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ máa wo etí. Bí méjèèjì bá nà síwájú, nǹkan kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń wò, kí ẹ̀yin náà wò ó. Bí ọ̀kan bá yí sẹ́yìn nígbà tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin ló ń gbọ́. Bí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀, ẹ má bá a jiyàn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ wa ju ibòmíràn lọ. Àlejò ni ẹṣin láàárín wa. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun, ó fi ẹṣin di ìjọba ńlá, ṣùgbọ́n láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra wọn wá. Bí a bá ti ń sún mọ́ igbó dúdú, eṣinṣin tsetse á fún wọn ní àrùn, wọn kì í sì í pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọba àti olórí ogun ló ń ní ẹṣin lápá ibí. Títí dòní, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí a ń lò fún ọdún ti ń bọ̀ láti òkè Ọya. Ẹ ro ó wò: ilẹ̀ àjèjì, koríko àjèjì, òórùn àjèjì, kí ẹni tí kò rí rí tún wá fò gùn ún láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, kí ìbọn sì máa dún. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀, kì í sì í dára. Ẹni tó bá lè tètè gba ẹṣin, kó gbà á ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kó máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ níbi tó wà. Owó oúnjẹ á pọ̀ sí i, mo mọ̀. Owó ilé ìwòsàn pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká gun ún. Ara kì í gbàgbé, ó máa ń yà mí lẹ́nu lọ́dọọdún. Ẹsẹ̀ arábìnrin wa wọ irin ẹ̀gbẹ́ gàárì bí ẹni pé àná ló sọ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 13 kò ní owó iléèwé ọmọ lọ́kàn, kò sì ronú nípa ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àgbàlagbà ń ronú. Bí ẹ̀rù bá ti bà á, itan rẹ̀ méjèèjì á di mọ́ ẹṣin bí ẹ̀mú, á tẹ̀ síwájú, á fa ìjánu. Ẹṣin kò mọ ohun tó ń rò, ohun tó há mọ́ ọn lẹ́yìn ló mọ̀. Nínú igbó, ohun tó bá fò mọ́ ẹṣin lẹ́yìn tó sì há mọ́ ọn, ẹran tó fẹ́ pa á jẹ ni. Bó bá sáré, ẹ má bínú sí i.

Oògùn rẹ̀ ni èémí. Ẹ mí síta gùn, kó dún létí ẹ̀yin fúnra yín, kí èjìká wálẹ̀, kí itan tú. Ẹ máa kọrin, bó ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí wákà. Ẹni tó ń kọrin kò lè sé èémí mọ́nú. Kí ẹ má bàa fi ìjánu dá ara yín dúró, ẹ so awọ tàbí okùn líle kan yí ọrùn ẹṣin ká, òun ni kí ẹ dì mú bí ẹ bá mì. Ibi tí ìjánu jókòó sí lẹ́nu ẹṣin, àlàfo tí kò sí eyín ni, awọ ẹran tín-ínrín ló bo egungun níbẹ̀. Àwọn ìjánu ìbílẹ̀ òkè Ọya kan tilẹ̀ ní òrùka irin tó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ po. Ìwọ̀nba fífà díẹ̀ ti tó láti dá egbò síbẹ̀. Mo máa ń bẹ àwọn oníbàárà mi kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé, ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn pẹ̀lú iwájú ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀, ìṣẹ́jú méjì lálẹ́. Gìgísẹ̀ tó wálẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ́ wọ inú irin náà kọjá, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há síbẹ̀ nígbà tó ṣubú, ẹṣin á wọ́ ọ lọ. Nítorí èyí náà ni bàtà fi gbọ́dọ̀ ní gìgísẹ̀ kékeré. Akoto kò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi; ẹni tí kò bá dé e kò ní gùn. Mo mọ̀ pé fìlà ni wọn yóò dé lọ́jọ́ ọdún. N kò fara mọ́ ọn, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn lójúkorojú.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ń dójú ti àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹṣin ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ fi ń ṣe òdiwọ̀n ohun tó yẹ kó gbé, àti gàárì àti aṣọ. Ẹṣin 300 kílò, 60 kílò ni tirẹ̀. Ọkùnrin 90 kílò tó wọ agbádá àrán, tó jókòó sórí gàárì ìbílẹ̀ tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ẹṣin 500 kílò ló yẹ kó wá, kì í ṣe èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá aṣọ rẹ̀ mu.

Ní oṣù kan àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń gùn ún, kí ẹṣin kàn máa rìn jẹ́jẹ́ ni, kó má sáré, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó mú agbádá wá. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́bàá ojú ẹṣin lè lé e sá ju ìbọn lọ. A ó kọ́kọ́ gbé e kọ́ sórí ọgbà kó máa wò ó, a ó fi ra á lára, a ó wá wọ̀ ọ́ gùn ún. Ìlù náà bẹ́ẹ̀: kí ó jìnnà, kó máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹṣin ti ń jẹun lọ.

Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Mo gbà fún wọn, nítorí ẹ̀rù tí a bá gbé relé ń dàgbà mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí orí bá kanlẹ̀, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ẹ ń bì, tàbí tí ẹ ò rántí bí ẹ ṣe ṣubú, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe orí gàárì.

Ohun tí ẹṣin ń jẹ wà lọ́rùn yín náà. Omi kíkan kì í dáwọ́ dúró nínú ikùn rẹ̀, bó jẹun bí kò jẹun, nítorí náà ebi wákàtí gígùn lè dá egbò sí i nínú. Koríko ni kó máa wà níwájú rẹ̀, ọkà bàbà níwọ̀nba. Ẹṣin kò lè bì. Ohun burúkú tó bá wọlé kò ní ọ̀nà àbájáde lẹ́nu. Bí ẹ bá rí i tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, tó ń yí gbirigbiri, tí kò yàgbẹ́, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Omi tó ń mu lójúmọ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan ó kéré tán, nínú ooru ó lè tó méjì. Lọ́jọ́ ọdún, ẹṣin á wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju omi ẹṣin lọ.

Arábìnrin wa gun ẹṣin rẹ̀ wọ ojúde, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Nígbà tí ìbọn dún, mo rí etí ẹṣin kan tó yí sẹ́yìn sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń rìn lọ. Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ ni ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ẹṣin padà fún ẹni tó ni í dé. Obìnrin náà ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ibì kan gbóná.