Wàláà ni bàbá handout

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì yunifásítì rí yóò mọ ìwé pélébé-pélébé tí wọ́n gán pọ̀, tí olùkọ́ máa ń pín kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Handout la ń pè é. Àríyànjiyàn orí rẹ̀ kì í tán láàárín àwa olùkọ́: àwọn kan ní ó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ, àwọn kan ní bí kò bá sí i, ẹ̀kọ́ ò ní dúró lórí. Tọ̀tún tòsì wọn ló gbà pé òyìnbó ló mú un wá. Èmi tí mo ké kéú ní Ìlọrin mọ bàbá rẹ̀: wàláà ni.

Pátákó tó ní ọwọ́ ìdìmú ni wàláà. Ààfáà á ti kàlámù ìkọ̀wé rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ìyẹn yíǹkì, á kọ ẹsẹ mélòó kan síbẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ tó jókòó tì í lè wà ní súrà mìíràn. Bí orí oníkálukú bá ṣe gbé e ni wọ́n ń kọ ọ́ fún un. Ìgbà tó bá kà á lórí níwájú ààfáà láì ṣì í ni wọ́n tó ní kó lọ fọ̀ ọ́. Mo rántí bí mo ṣe ń fi ewé eépín ha tèmi létí àmù, tí omi dúdú ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Bó ti wù kí n ha á tó, òjìji ẹ̀kọ́ àná kì í kúrò lára igi náà. Ààfáà á sì kọ tòní lé e lórí. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ pàápàá níyì: hàǹtú nìyẹn, aláìsàn ń mu ún.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ náà. Lárúbáwá ní lawḥ, Haúsá ní allo. Níbo wá ni «wà» tó ṣíwájú tiwa ti wá? Ọ̀rọ̀ tó jọ tiwa wà lẹ́nu àwọn ará Songhai lókè Odò Ọya, àwa náà sì ń pe mùsùlùmí ní ìmàle, èyí tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí Mali. Èmi gbà pé àwọn oníṣòwò ọ̀nà yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ́ tó pẹ́ ṣáájú ìgbà jíhàádì àwọn Fúlàní. Mo ń fojú inú wò wọ́n tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, iyọ̀ lọ́tọ̀, aṣọ lọ́tọ̀, wàláà ọmọ wọn sì wà láàárín ẹrù. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun táwọn àgbà wí: ayé la bá Ifá, ayé la bá ìmàle, ọ̀sán gangan nìgbàgbọ́ wọlé dé.

Wàláà bá àwọn ènìyàn wa la òkun kọjá pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn Malê, ìyẹn àwọn ìmàle ọ̀hún, dìde ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil lóṣù Ṣẹ́rẹ́ 1835, ìwé Lárúbáwá àti pátákó ìkọ̀wé wà lára ohun tí ọlọ́pàá rí nílé wọn. Pacífico Licutan, ọ̀kan lára àwọn ààfáà wọn, ọmọ Nagô ni, Yorùbá bíi tiwa. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ẹ̀kọ́ òòjọ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn babaláwo lè ní ọpọ́n Ifá ló ṣáájú. Òótọ́ ni pé orí ìyẹ̀rosùn lọmọ awo ti ń kọ́ títẹ odù, àmọ́ iwájú olúwo ni ọpọ́n ń gbé, kò bá ọmọ relé. Àwọn mìíràn á dárúkọ Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó gbé dé Abẹ́òkúta ní 1854. Ìwé títẹ̀ nìyẹn. Handout ni èyí tí olùkọ́ tó dúró níwájú rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n fún ọ.

Ìyókù kò pẹ́ rárá. Gestetner ṣe ẹ̀rọ ìdàkọ rẹ̀ ní London ní 1881. Ṣéékì Adam al-Ilory, ọmọ Ìlọrin, dá Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, kéú bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Xerox 914 jáde ní 1959, fọ́tòkọpí gba ìgboro, PDF wá di ti orí WhatsApp.

Ibi tí wọ́n ti ń ta handout ló dùn mí jù. Ní ilé kéú, owó Àlàrùbá là ń san. Àlàrùbá ni Ọjọ́rú. Bí ó bá ti pé, ọmọ á mú kọ́bọ̀ rẹ̀ wá fún ààfáà nítorí iṣẹ́ tó ṣe. Kò sẹ́ni tó ń ta ẹsẹ orí wàláà. Ní yunifásítì tí mo lọ, olùkọ́ kan ń kọ orúkọ ẹni tó bá ra ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí kò rà á sì mọ ohun tí máàkì rẹ̀ máa jẹ́. Mo jẹ gàrí ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí owó rẹ̀ san, n kò sì ṣí i rí lẹ́yìn ìdánwò.

Èmi náà ń kọ́ni báyìí. Ojú ìwé kan péré ni mo ń pín, ọ̀fẹ́ ni, ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ọ́. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, màá ní kí wọ́n dojú ìwé náà bolẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá ṣe é ló ń gba èyí tó kàn.