Bí kókó omi ṣe ń yọ nínú ilé ẹyin obìnrin, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù títí di ìgbà tí nǹkan oṣù yóò fi dáwọ́ dúró, ilé ẹyin rẹ̀ a máa ṣe àpò omi kéékèèké lóṣooṣù, inú àwọn àpò wọ̀nyí sì ni ẹyin ti ń dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn ló sábà máa ń ta àwọn yòókù yọ, tí yóò máa tóbi títí yóò fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kí ó tó bẹ́ kí ẹyin sì jáde. Obìnrin tó bá lọ ya síkáànù ní àárín oṣù rẹ̀, tí ìwé àyẹ̀wò sì sọ pé àpò omi sẹ̀ǹtímítà 2 wà ní ilé ẹyin òsì, kò ní àìsàn kankan: ẹyin oṣù yẹn ni wọ́n rí. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ síkáànù kì í fi ka ohun tí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sí kókó lára ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ oṣooṣù yìí fi ń di kókó. Nígbà mìíràn àpò náà kò ní bẹ́, ẹyin kò ní jáde, omi yóò sì máa kún un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò bẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tó ti bẹ́ yóò padà dí, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ yóò sì kóra jọ sínú rẹ̀. Irú méjì yìí ló wọ́pọ̀ jù, fúnra wọn ni wọ́n sì máa ń súnkì láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbo tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp ti ń gba ìyìn tí kò tọ́ sí wọn, nítorí kókó tí ì bá lọ láìlo ohunkóhun ló lọ. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí pàápàá kì í mú kókó tó ti wà tètè lọ. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó má jẹ́ kí òmíràn yọ.

Àwọn kan wà tí kì í lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní dermoid máa ń ní ọ̀rá, irun, nígbà mìíràn eyín pàápàá, nínú. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àfọwọ́fà ayé ni, ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì tí ẹyin ti ń wá ló ti ṣẹ̀, irú sẹ́ẹ̀lì yìí sì lágbára láti di ẹ̀yà ara èyíkéyìí. Òmíràn ń ti ara àìsàn endometriosis wá: ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ yóò hù sínú ilé ẹyin, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù títí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ náà yóò fi ki, tí yóò sì dúdú. Ti PCOS, àìlera tó ń mú kí nǹkan oṣù àti ìjáde ẹyin máa ṣe ségesège, yàtọ̀ pátápátá, nítorí àwọn àpò kéékèèké tí síkáànù ń fi hàn níbẹ̀ kì í ṣe kókó, àpò ẹyin tí kò dàgbà dé ojú bíbẹ́ ni wọ́n.

Nínú ìwé síkáànù, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá ni “simple”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ògiri kókó náà fẹ́lẹ́, omi lásán ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹran kankan níbẹ̀. Ìlànà tí RCOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àìsàn obìnrin ní Britain, gbé jáde ní 2011 sọ pé tí irú èyí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5 lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró, kò nílò àyẹ̀wò mìíràn. Tí ó bá wà láàárín 5 sí 7, kí wọ́n máa yà á wò lọ́dọọdún. Tí ó bá ju 7 lọ, kí wọ́n ronú lórí MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yà) tàbí iṣẹ́ abẹ. Kókó tó ní ẹran nínú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn gba inú ẹran náà, ni ìfura jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, wọ́n tún máa ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125, tó ń wọn ohun kan tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin lè mú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Lára ọ̀dọ́, ìju, endometriosis, oyún àti nǹkan oṣù pàápàá lè gbé iye yẹn sókè, nítorí náà kò yẹ kí èsì rẹ̀ nìkan da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ohun tí kò gba ìdúró rárá ni kí ilé ẹyin tí kókó ti mú wúwo lọ́ pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aṣọ tó tutù, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà dé ibẹ̀ mọ́. Ìrora rẹ̀ máa ń já lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn, èébì sì sábà máa ń bá a rìn. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín kí wọ́n tú u kí ó yè, àti kí ó kú. Kókó tó bẹ́ náà ń dunni, oògùn ìrora sì máa ń tó o, àfi tí òòyì bá ń kọ́ni tàbí tí ara bá ń dákú, èyí tó ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú. Àyẹ̀wò oyún ṣe pàtàkì nírú àkókò yìí, torí pé oyún tó dúró sí ìta ilé ọmọ lè fara jọ ọ́ gan-an.

Tí iṣẹ́ abẹ bá di dandan, ihò kéékèèké ni wọ́n máa ń lu sí ikùn láti ti kámẹ́rà àti irinṣẹ́ bọ̀ ọ́, níbi tí ohun èlò rẹ̀ bá wà; bí kò bá sí, wọn yóò la ikùn. Wọ́n á gbìyànjú láti yọ kókó nìkan kí ilé ẹyin ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ ọ̀kan, èkejì tó bá dá ṣáṣá tó fún nǹkan oṣù àti oyún. Ti endometriosis ló ní ìṣòro jù: yíyọ rẹ̀ máa ń gé díẹ̀ lára ẹyin tó kù, ó sì tún lè padà yọ, nítorí náà ẹni tó ṣì ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ ọ́ kí wọ́n tó mú abẹ. Ohun tí wọ́n bá yọ yóò lọ sí yàrá àyẹ̀wò, èsì ibẹ̀ sì ni yóò sọ bóyá ìtọ́jú ti parí tàbí ó kù.