Bí ilé àwọn Medici ṣe ń fi agbára hàn láìjọ ààfin

Florence ní Ítálì kò ní ọba láyé Cosimo de' Medici. Ìgbìmọ̀ ló ń ṣèjọba níbẹ̀, lójú ayé ná o. Lábẹ́lẹ̀, Cosimo tó ni báńkì ló ń tọ́kọ̀ ìlú. Lọ́dún 1433 àwọn ọ̀tá rẹ̀ lé e jáde, ó sì padà wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí ilé òun tún fa ìlara. Wọ́n ní Brunelleschi, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, kọ́kọ́ ya àwòrán ilé kan fún un, Cosimo ní fújà ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ó wá gbé iṣẹ́ náà fún ayàwòrán ilé mìíràn, Michelozzo. Ọdún 1444 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ara ògiri ìta ni ọgbọ́n náà wà. Òkúta ìsàlẹ̀ rí gbágungbàgun, ó yọ síta bíi ti odi ìlú. Ti àárín tẹ́jú, àmọ́ ìlà tó pín òkúta kan sí èkejì ṣì hàn ketekete. Ti òkè dán débi pé agbára káká lèèyàn fi ń rí ibi tí òkúta ti pàdé. Bó ṣe ń gòkè ni gíga ìpele kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Agbára wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ọ̀tá lè nàka sí pé owó ló ń yangàn yìí. Wọ́n tún fi òkúta ṣe ìjókòó sẹ́bàá ògiri lójú títì, kí àwọn tó wá rí baba lè rí ibi jókòó dè é.

Inú ilé ló ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bíi ti àkódi ààfin wa, àgbàlá tójú ọ̀run ṣí sí ló ń fún yàrá nímọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn. Àárín rẹ̀ ni ère Dáfídì tí Donatello fi idẹ rọ dúró sí. Lókè, gbọ̀ngàn ló ṣáájú, yàrá olówó ilé tẹ̀ lé e: bí àlejò bá ṣe níyì tó ni wọ́n ń mú un wọnú tó. Ní ilé àdúrà, Benozzo Gozzoli ya àwọn Amòye tó ń lọ kí Jésù ní nǹkan bí ọdún 1459, ó sì to ojú àwọn Medici fúnra wọn mọ́ wọn lọ́wọ̀ọ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ìta kò dé ibẹ̀.

Lọ́dún 1494 ìlú tún lé ìdílé náà, wọ́n sì kó ère Dáfídì lọ sí ilé ìjọba. Àwọn Medici padà nígbà tó yá, wọ́n tiẹ̀ wá joyè, kò sì sí ìdí láti fi ara pamọ́ mọ́. Ààfin gidi ni wọ́n kó lọ. Ọdún 1659 ni wọ́n ta ilé yìí fún ìdílé Riccardi, àwọn yẹn sì fa iwájú rẹ̀ gùn pẹ̀lú fèrèsé méje sí i. Ohun tí Michelozzo ṣe gan-an ni wọ́n ń wò kọ́ ọ, nítorí iyì orúkọ Medici tó wà lára ògiri yẹn wà lára ohun tí wọ́n sanwó fún.